“Inflammable”: Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ Tó Ń Ṣi Òǹkàwé Lọ́nà

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ajagbépo tó ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá, wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ méjì: “HIGHLY INFLAMMABLE”. Ìkìlọ̀ ni. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan tó wà nínú táǹkì náà ń gbiná wéré, kí ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ lẹ́yìn má ṣe sún mọ́ ọn jù, kí ẹni tó mú sìgá dání sì jìnnà réré. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ọmọ ilé-ìwé kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa túmọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó sọ òdìkejì gan-an, pé nǹkan náà kì í jó. Kì í ṣe pé ọmọ náà kò mọ̀wé. Ìwé tó mọ̀ ló ń lò.

Ní kíláàsì, wọ́n ti kọ́ ọ pé bí “in-” bá ti ṣáájú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtumọ̀ á yí padà. “Correct” tọ̀nà, “incorrect” kò tọ̀nà. “Visible” ṣeé rí, “invisible” kò ṣeé rí. “Complete” pé, “incomplete” kò pé. Ẹ̀kọ́ yìí máa ń tètè wọ ọmọ Yorùbá létí, nítorí àwa náà ní “àì-” tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjáni-kulẹ̀: àìsùn, àìgbọ́ràn, àìmọ̀kan, àìrójú. Ibi tí a bá ti bá “àì-” pàdé, a mọ̀ pé ohun kan kò sí tàbí kò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà bá ti rí “flammable” lára agolo oògùn ẹ̀fọn nílé, tí wọ́n sì ti sọ fún un pé ó túmọ̀ sí ohun tó ń gbiná, kí ni kó gbà pé “inflammable” ń sọ lára ọkọ̀ epo?

Ọ̀kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì. “Flammable” ń gbiná, “inflammable” ń gbiná. Àwọn kan gbà pé “inflammable” le ju èkejì lọ, pé epo tí iná rẹ̀ burú jù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí iná bá máa le tàbí kò ní le, kò sí lọ́wọ́ “in-” yẹn. “Highly” tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀. Látìn ní “in-” méjì tí ìrísí wọn bára mu, tí wọn kò sì bá ara wọn tan. Ọ̀kan ń kọ nǹkan: òun ló wà nínú “incorrect”, ẹbí kan náà ni òun àti “un-” tó wà nínú “unhappy”. Èkejì túmọ̀ sí “sínú”. Ẹbí òun ni “in” tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ̀. Òun ló wà nínú “inhale”, mímí afẹ́fẹ́ sínú, àti nínú “invade”, yíya wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Ọ̀dọ̀ èkejì yìí ni “inflammable” wà. “Flamma” ni ọwọ́ iná lédè Látìn, “inflammare” sì ni kí a kiná bọ nǹkan títí yóò fi gbiná. Ohun tó bá ṣeé kiná bọ̀ ni “inflammable”.

Ẹni tó bá ti ra oògùn ara ríro rí ti pàdé ẹbí ọ̀rọ̀ yìí láìfura. “Anti-inflammatory” tí wọ́n ń kọ sára páálí ibuprofen wá láti ara “inflammation”, ìyẹn kí ojú ibì kan lára wú, kó pọ́n, kó gbóná, kó sì máa roni. Celsus, ará Róòmù kan tó kọ ìwé ìṣègùn ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, ti ka àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ṣe ń kà wọ́n títí di òní. Ojú iná tó wọ ẹran ara ni wọ́n fi wò ó. Àwọn oníwèé ìròyìn náà ń lo “inflammatory” fún ọ̀rọ̀ olóṣèlú tó lè dá ìjà ìgboro sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń dáná sí ìlú. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ìwọ̀nyí tó ń rò pé iná kò sí níbẹ̀. Mo máa ń fẹ́ kí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì mú àwọn méjèèjì wọ̀nyí lò nígbà tó bá ń kọ́ ọmọ ní “in-”, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ epo ló máa kọ́ wọn.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì, “inflammable” ló dàgbà jù. Ó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé, kò sì ní orogún fún nǹkan bí igba ọdún. Lọ́dún 1766, nígbà tí Henry Cavendish, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣàlàyé afẹ́fẹ́ kan tó máa ń jáde bí ásíìdì bá kan irin fún ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, “inflammable air” ló pè é. Háídrójìn ni afẹ́fẹ́ náà, ó sì ń bú gbàmù bó bá rí iná. Ọ̀rọ̀ náà kò lè dààmú àwọn tó ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, nítorí Látìn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́lá láti kékeré. “Flammable” kò yọjú títí di ọdún 1813. Nígbà tó tilẹ̀ dé, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹnikẹ́ni kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí.

Bẹntiróòlù àti fákítọ̀rì ló yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ìkìlọ̀ iná kúrò lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, ó di ohun tí awakọ̀, alágbàárù èbúté àti aránṣọ fákítọ̀rì gbọ́dọ̀ kà, kó sì yé wọn lójú ẹsẹ̀, láìtú ìwé ìtumọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ figbe bọnu ni àwọn tí iná ń ná lówó àti àwọn tó ń bá iná jà. Ní Amẹ́ríkà, àjọ National Fire Protection Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1896, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn èèyàn láàrin ọdún 1920 sí 1930 pé kí wọ́n fi “inflammable” sílẹ̀, kí wọ́n máa kọ “flammable”. Lọ́dún 1953, lẹ́yìn tí súwẹ́tà kan báyìí tí wọ́n fi òwú réyọ̀nù hun àti aṣọ ìṣeré kábọ́ì àwọn ọmọdé ti gbiná mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lára, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan. Flammable Fabrics Act ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún 1959, àjọ British Standards Institution náà sọ ọ́ di ìlànà rẹ̀ pé “flammable” àti “non-flammable” ni òun fẹ́ kí wọ́n máa lò, kí ọ̀rọ̀ má baà ní ìtumọ̀ méjì. Àwọn onímọ̀ gírámà kan bínú, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni wọ́n ń lé kúrò nílé nítorí àìmọ̀wé àwọn kan. Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú nínú kí gírámà yẹ̀ fún ẹ̀mí èèyàn.

Nínú àwọn tó ń bá àwọn tí iná ń ná lówó ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ Benjamin Lee Whorf, ará Amẹ́ríkà kan, ló yẹ ká dúró tì díẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè mọ̀ ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀ràn iná ló fi ń jẹun. Ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ló kà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT, ó jáde lọ́dún 1918, nígbà tó di ọdún kejì ó wọ ilé iṣẹ́ adójútòfò Hartford Fire Insurance Company, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú lọ́dún 1941. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo ohun tó lè fa iná ní fákítọ̀rì, kó sì máa yẹ ìròyìn wò nípa bí iná ṣe ṣẹ́ níbi tó bá ti ṣẹ́. Ó wá kíyè sí i pé orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pe nǹkan máa ń wà lára ohun tó ń fa iná. Níbi tí wọ́n bá to dúrọ́ọ̀mù bẹntiróòlù sí, gbogbo èèyàn ń ṣọ́ra. Níbi tí wọ́n bá to àwọn èyí tí wọ́n ń pè ní “empty” sí, ìyẹn òfìfo, wọ́n á máa mu sìgá, wọ́n á sì ju àjókù rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ dúrọ́ọ̀mù òfìfo léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí epo tó ti di afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀.

A kò ní láti dé Amẹ́ríkà ká tó rí èyí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Táǹkì ọkọ̀ tí epo ti tán nínú rẹ̀, tí oníbàárà gbé wá pé kí wọ́n bá òun dí ibi tó ti ń jò, òun ló máa ń bú mọ́ wẹ́dà lójú. Oníbàárà ti sọ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, òótọ́ ló sì rò pé òun ń sọ. Ọ̀pọ̀ ohun mìíràn tí Whorf kọ nípa èdè ni àwọn onímọ̀ ṣì ń bá a jiyàn lé lórí. Ní ti èyí, mo gbà á lẹ́nu.

Ìdí tí òfìfo fi léwu ló yẹ kó yé ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìkìlọ̀ ara táǹkì ń sọ. Epo tó ṣì jẹ́ omi kì í jó. Èyí tó ti di afẹ́fẹ́, tó ń fẹ́ kúrò lójú epo, ló ń jó, nígbà tó bá ti pò mọ́ afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ní ìwọ̀n tó yẹ. Ti bẹntiróòlù, bí afẹ́fẹ́ epo bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì ju nǹkan bí 7.6 lọ, ìtapàrà iná kékeré ti tó. Bó bá kéré sí èyí, iná kò ní ràn. Bó bá pọ̀ ju èyí lọ, iná kò ní ràn. Nínú dúrọ́ọ̀mù tí epo kún dẹ́nu, kò sí àyè fún irú àdàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú èyí tó ku ìsàlẹ̀ díẹ̀, àyè wà gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn onímọ̀ tún máa ń wá ìwọ̀n ìgbóná tó kéré jù lọ tí epo kan fi lè ní afẹ́fẹ́ tó tó láti gbiná bí a bá ṣáná sí i. Ti bẹntiróòlù lọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 40 sí abẹ́ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius, òtútù tí kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tó rí irú rẹ̀ rí. Èyí ni pé l’Ábẹ́òkúta, lọ́sàn-án, lóru, nínú ọyẹ́, bẹntiróòlù ti wà ní sẹpẹ́ láti jó. Ti kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 38°C, ìdí nìyẹn tí a fi lè rọ ọ́ sínú sítóòfù ká sì gbé oúnjẹ kaná. Bí oníwàkíwà kan bá bu bẹntiróòlù díẹ̀ mọ́ kẹrosíìnì kó lè jèrè sí i, ìwọ̀n náà á já wálẹ̀, sítóòfù tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí á bú gbàù mọ́ ìyálé ilé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Nàìjíríà ló ti ti ibẹ̀ sọ ọmọ àti ìyá nù. Ti dísẹ́ẹ̀lì ga ju ti kẹrosíìnì lọ, ó sábà máa ń lé ní 50°C. Ìyàtọ̀ yìí ló mú kí àwọn òfin kan máa pe bẹntiróòlù ní “flammable”, kí wọ́n sì máa pe dísẹ́ẹ̀lì ní “combustible”: ó ń jó, àmọ́ ó nílò ooru kó tó gbà fún iná.

Ohun mìíràn tún wà. Afẹ́fẹ́ bẹntiróòlù wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú. Kì í gòkè lọ bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rá bí ejò, á wọ gọ́tà, á gba abẹ́ ọkọ̀, á lọ bá jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹyin iná oníbọ̀ọ̀lì níbi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé epo lè dé. Bó bá ti kan iná níbẹ̀, ọ̀nà tó bá wá náà ni iná á bá padà sórí epo, kò sì sẹ́ni tí yóò lè sá fún un tó bá ti dúró sáàárín.

Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé nígbà tí ọkọ̀ epo bá ṣubú, tí àwọn èèyàn gbé kẹ́ẹ̀gì àti báfù wá láti gbọ́n epo, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni ṣáná. Irin tó ha irin ti tó. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣí kúrò nítòsí ti tó. Ní abúlé Majiya, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó lé ní 150 èèyàn tó kú nígbà tí epo tí wọ́n ń gbọ́n lára ọkọ̀ tó dojú dé gbiná. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló pa wọ́n, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àìní ló ń lé èèyàn síbi epo tó dà sílẹ̀, pàápàá nígbà tí owó epo bá ti kọjá agbára mẹ̀kúnnù. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré bọ̀ wá síbẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ tó yé e kedere. Èyí tó wà lára táǹkì jẹ́ ti èdè tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́, àwọn tó sì gbọ́ ọ lè tú u sódì.

Àmì tí kò nílò èdè wà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ń gbé ìlànà jáde láti ọdún 1956 lórí bí a ṣe ń kó ẹrù eléwu, ìlànà náà ló sì bí àmì pupa onígun mẹ́rin tó dúró lórí igun kan, tí wọ́n ya iná sínú rẹ̀, tí 3 sì wà ní ìsàlẹ̀. Ohun olómi tó ń gbiná nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pupa tí 2 wà ní ìsàlẹ̀, gáàsì tó ń gbiná ni, irú èyí tí a fi ń se oúnjẹ. Tí àmì gáàsì bá jẹ́ àwọ̀ ewé, tí kò sí iná nínú rẹ̀, gáàsì náà kì í jó. Nọ́ńbà kan tó ní dígíìtì mẹ́rin máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú: 1203 ni bẹntiróòlù, 1202 ni dísẹ́ẹ̀lì, 1223 ni kẹrosíìnì. Ẹni tó bá há 1203 sórí, tó rí i lára ọkọ̀ tó ń jò, kò nílò “in-” kankan láti mọ ohun tó kàn.

Àwọn Yorùbá tó wà ní Kétu, Sakété àti Pọ́bẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ kò ní ìṣòro wa yìí. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wọn níwèé, “inflammable” nìkan ṣoṣo ni Faransé sì ń lò fún ohun tó ń gbiná, kò sí “flammable” tó ń bá a du ipò. Bí Faransé bá fẹ́ sọ pé nǹkan kì í gbiná, “ininflammable” ni wọ́n máa kọ. Ẹ wò ó dáadáa: “in-” méjèèjì ti Látìn ló jókòó ti ara wọn nínú ọ̀rọ̀ kan, àkọ́kọ́ ń kọ̀, èkejì ń kiná bọ̀ ọ́. Àwọn ará Brazil náà ń kọ “inflamável” sára ọkọ̀ epo tiwọn, “inflamable” ni ti àwọn ará Cuba, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ. Gẹ̀ẹ́sì ló dá ọ̀rọ̀ kejì sílẹ̀ tó sì gbàgbé láti mú àkọ́kọ́ kúrò. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ tó yéni nìkan ń dá iná dúró ṣá o. Ní Sèmè-Kraké, létí ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, ibi ìkóǹkansí kan tí wọ́n ń tọ́jú epo fàyàwọ́ sí gbiná ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó sì lé ní 30 èèyàn tó bá a lọ. Kò sẹ́ni tó ń ta epo fàyàwọ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní kpayo, lẹ́bàá títì níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé ó ń jó.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ epo, aṣọ, kẹ́míkà tàbí ohunkóhun tí iná lè ràn, “flammable” ni kó kọ. Fún ohun tí kì í gbiná, “non-flammable” ni. Kó má ṣe kọ “non-inflammable” láé, ó tọ̀nà ṣùgbọ́n ó ń da orí rú ju “inflammable” fúnra rẹ̀ lọ. “Inflammable” ṣì ní àyè rẹ̀ níbi tí iná kì í ti í ṣe iná gidi, bí ìwà ẹni tó ń tètè gbaná jẹ tàbí ọ̀ràn ilẹ̀ tó lè di ìjà láàrin ìlú méjì. Ẹni tó bá sì rí i nínú ìwé àtijọ́, kó mọ̀ pé iná ni wọ́n ń wí.

Ti ọkọ̀ epo ilẹ̀ wa ń fẹ́ ju èyí lọ. Kí wọ́n pa “HIGHLY INFLAMMABLE” rẹ́, kí wọ́n kọ “HIGHLY FLAMMABLE” sí i fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí àmì pupa àti 1203 wà níbẹ̀ fún páànápáná, kí Yorùbá náà sì wà: “EPO YÌÍ Ń GBINÁ. MÁ GBỌ́N ỌN. SÁ JÌNNÀ.” Bí ayàwòrán kò bá tilẹ̀ rántí fi àmì ohùn sí i, ọ̀rọ̀ náà á ṣì yé ẹni tó ń sáré bọ̀. Kí Hausa wà pẹ̀lú, nítorí ọkọ̀ tó gbé epo ní Àpápá kì í sábà já a sí Ìbàdàn, òmíràn ń lọ sí Kano. Kí wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Ẹ̀yìn nìkan ni wọ́n sábà ń kọ ọ́ sí báyìí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ tó bá ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójú títì, ẹ̀gbẹ́ kejì tó kọjú sókè ni àwọn èrò máa kọ́kọ́ rí.